Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún nínú rélùwéè Ìbàdàn, síbẹ̀ kọ́ọ̀lù ń já. Ta ló lè ṣàlàyé?

OmoMoniya
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará ibí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mò ń wọ rélùwéè láti Èkó lọ sí Ìbàdàn nítorí iṣẹ́, Mọ́níyà ni mo máa ń bọ́ sí. Láti Èkó títí dé Àgbádó, WhatsApp call mi á máa lọ geerege. Ká kàn ti kọjá Kájọlà báyìí, báà mi (ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lókè fóònù) ṣì wà ní mẹ́ta, nígbà míì mẹ́rin, àmọ́ ohùn ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gé wẹ́wẹ́, á kọ "reconnecting", ó parí. Lánàá ọ̀gá mi ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí owó kan tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní "ṣó o gbọ́, san án fún..." ló bá já. Fún ta? Mo jókòó ti owó olówó títí a fi dé Omi-Àdìó.

Ìbéèrè mi ni pé, tí báà bá kún, kí ló tún kù? Ẹnì kan nínú ọkọ̀ ní eré tí rélùwéè ń sá ni, ẹlòmíì ní irin tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ ni.

Alakoba
Dátà ẹ ló tán. Lọ ra dátà.

OmoMoniya
12GB ló ṣì wà níbẹ̀ o jàre.

IyaIbejiAgbado
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un. Èmi náà ń wọ ọkọ̀ yẹn lọ ra ọjà, àmọ́ ìpè lásán ni mo fi ń bá àwọn oníbàárà mi sọ̀rọ̀, tèmi kì í sábà já. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé tí ọmọ mi bá ń wo fíìmù lórí fóònù mi tí ìpè wá wọlé, fíìmù á dúró gbagidi, tí mo bá sì sọ̀rọ̀ tán íntánẹ́ẹ̀tì ò ní tètè padà, á kàn kọ H tàbí E sókè níbẹ̀ bí ẹni tó ń dá mi lóhùn. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni?

Jagunlabi_RF
Màmá, ẹ kú ọjà o. Ọ̀rọ̀ yín àti ti OmoMoniya ò jọra àmọ́ agboolé kan náà ni wọ́n ti jáde, màá dé ọ̀dọ̀ tiyín.

Mo ti ṣe drive test fún bí ọdún 9. Iṣẹ́ yẹn ni pé ẹ óò kó fóònù bíi mẹ́rin sínú mọ́tò, ẹ óò so wọ́n mọ́ laptop, ẹ óò máa wa ọkọ̀ kiri, àwọn fóònù á máa pe ìpè fúnra wọn, laptop á máa kọ ibi tí ìpè ti já sórí máàpù. Aládùúgbò á rò pé ajínigbé ni yín. Wọ́n ti fẹ́ lù wá rí.

OmoMoniya, ohun tí báà ń sọ fún ẹ ni bí ohùn mast, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣe le tó létí fóònù ẹ. Kò sọ fún ẹ bóyá ọ̀rọ̀ yẹn yé fóònù, kò sì sọ rárá bóyá mast gbọ́ tìẹ. Lọ dúró láàárín ọjà Oyíngbo lọ́jọ́ ọjà, etí ẹ á kún, àmọ́ ó lè má gbọ́ ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Nǹkan méjì ni àwa ń wọ̀n, bí ohùn ṣe le tó, ìyẹn RSRP, àti bó ṣe yọ láàárín ariwo tó, ìyẹn SINR. Báà lè wà ní mẹ́ta kí SINR ti wà lábẹ́ òdo.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti bí ẹ ṣe ń kúrò lórí mast kan bọ́ sórí òmíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ danfo, ẹ mọ ìgbà tí kọ̀ńdọ́ bá ta èrò. Dírẹ́bà ò fẹ́ dé Ọ̀ṣòdì mọ́, kọ̀ńdọ́ á nawọ́ dá danfo míì dúró, wọ́n á sọ̀rọ̀ wùyẹ́wùyẹ́, ó parí, "ẹ wọ ọkọ̀ yẹn, mo ti sanwó yín". Ìwọ kọ́ lo wá ọkọ̀. Bí handover ṣe rí gan-an nìyẹn. Tó o bá ti wà lórí ìpè tàbí tó ò ń lo dátà, fóònù ẹ ò láṣẹ láti yan mast. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa wọn àwọn mast tó gbọ́ láyìíká, kó máa jíṣẹ́ fún èyí tó gbé e dání pé "ọ̀gá, ẹni iwájú yẹn ti fi 3 dB jù yín lọ o". 3 dB yẹn, ìlọ́po 2 agbára ni. Mast ló máa wá pinnu. Wọn kì í sì gbà á lójú ẹsẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ká ní 320 milisẹ́kọ́ǹdì, torí tí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ fóònù á kàn máa fò síwá sẹ́yìn láàárín mast méjì, báálì ping-pong, iṣẹ́ fífò yẹn nìkan á sì jẹ bátìrì jẹ dátà.

Koyewa
Ọ̀gá Jagun, tí wọ́n bá ń dúró 320 milisẹ́kọ́ǹdì, ṣé rélùwéè ò ti ní kọjá ibẹ̀ kí wọ́n tó pinnu ni?

Jagunlabi_RF
Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá 120 kìlómítà ní wákàtí kan, mítà 33 ló ń rìn ní sẹ́kọ́ǹdì kan. 320 milisẹ́kọ́ǹdì jẹ́ nǹkan bíi mítà 11, kò gùn ju bọ́ọ̀sì BRT lọ. Kí wá ni mítà 11 lára mast tí ohùn ẹ̀ dé kìlómítà mẹ́ta, mẹ́rin? Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbèrò LTE, ìyẹn 4G, ni wọ́n ti ní ó gbọ́dọ̀ lè gbé ẹni tó ń sá 350 kìlómítà ní wákàtí. Tiwa ò tíì dé ìdajì ẹ̀. Ẹ fi eré sílẹ̀.

Ti irin, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ara ọkọ̀ rélùwéè pẹ̀lú gíláàsì ẹ̀ lè jẹ tó 20 dB, ìyẹn ni pé nínú 100 tó wá láti mast, 1 ló wọlé tọ̀ yín wá. Àmọ́ tó bá jẹ́ irin nìkan ni, báà gan-an ìbá wálẹ̀. Ti OmoMoniya ò wálẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n fura sí nǹkan míì.

Agbègbè Abẹ́òkúta, òkè àti àpáta ló pọ̀ níbẹ̀. Tí wọ́n bá gbé mast sórí òkè tí wọn ò sì tẹ antenna ẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ohùn ẹ̀ á fò kọjá ààlà tiẹ̀, á lọ bọ́ sí abúlé tó jìnnà réré. Fóònù inú ọkọ̀ á gbọ́ ọ ketekete. Báà mẹ́ta. Wàhálà méjì ló wá wà níbẹ̀. Èkíní, mast kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn aládùúgbò ẹ̀ sí. Mast orí òkè yẹn, àwọn tó wà nítòsí ẹ̀ ló mọ̀, kò mọ mast kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tẹ́ ẹ wà. Fóònù á sọ pé "mo rí ẹnì kan níbí tó jù yín lọ", òun á ní "ta nìyẹn? Mi ò mọ̀ ọ́n". Kò ní ta yín. Ẹ óò jókòó sínú danfo tí kò lọ mọ́ títí kọ́ọ̀lù fi máa kú. Lóòótọ́ ètò kan wà lóde òní tó ń jẹ́ kí mast fúnra ẹ̀ máa kọ orúkọ aládùúgbò tuntun sílẹ̀, àmọ́ àwọn kan máa ń pa á, àwọn míì ti fi àwọn orúkọ kan sínú "má tà á fún un" láti ayé ìgbà kan, ẹni tó ṣe é ti fiṣẹ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí.

Èkejì, mast lè máa fi 40 wátì sọ̀rọ̀. Fóònù ẹ, wátì 0.2 ni gbogbo agbára ẹ̀. Mast tó wà lókè lọ́hùn-ún sì ń gbọ́ fóònù gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn tìẹ á wọmi sínú ẹ̀. Ìwọ gbọ́ ọ, òun ò gbọ́ ẹ. Báà ò lè fi ìyẹn hàn ẹ́ láéláé.

Nígbà míì tó o bá wọkọ̀, pe ẹnì kan lórí WhatsApp kẹ́ ẹ jọ máa ka òǹkà, kí kálukú kọ nọ́ńbà tí kò gbọ́ mọ́ sílẹ̀. Ìyẹn á sọ ìhà tó kọ́kọ́ kú. Tí fóònù ẹ bá jẹ́ Android, tẹ \*#\*#4636#\*#\*, tàbí kó o wa áàpù NetMonster sórí ẹ̀, wo PCI tó wà níbẹ̀, òun ni àmì tí fóònù fi ń dá mast mọ̀, láti 0 dé 503 ni.

Màmá, tiyín rèé. 4G ò ní ojú ọ̀nà fún ìpè ayé àtijọ́ rárá, dátà nìkan ló ń gbé. Tí ìpè bá wọlé tí VoLTE, ìyẹn ìpè tó ń gba orí 4G, ò sí lórí fóònù yín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sọ fún un pé "sọ̀kalẹ̀ lọ sí 3G tàbí 2G, ibẹ̀ ni ìpè wà". Ìdí tí fíìmù ṣe ń dúró nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá pè tán, fóònù á ṣì máa jókòó sísàlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó rántí gòkè. Ìdí tí tiyín kì í fi í já náà nìyẹn, torí 2G yẹn, èyí tó ti wà nílẹ̀ láti 2001 tí GSM ti dé, ìgbì 900 MHz ni wọ́n fi ń gbé e níbi tó pọ̀, ìgbì yẹn máa ń rìn jìnnà, ó sì máa ń wọlé dáadáa, ohùn sísọ ò sì nílò nǹkan púpọ̀. Ẹ ní kí ọmọ yín wo settings ibi SIM bóyá ó máa rí VoLTE níbẹ̀ kó tàn án.

IyaIbejiAgbado
Ẹ ṣé gan-an ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún yín. Ó ti rí i, ó ti tàn án. Wọ́n pè mí ní ìrọ̀lẹ́ yìí, fíìmù ò gbéra kúrò lórí 4G. Wàhálà mi ni pé ọmọ ò wá fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀ mọ́ báyìí.

Alakoba
Àlàyé ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin oní-nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ kàn ń jẹ owó wa.

Core_Akanni
@Alakoba, owó tẹ́ ẹ ń san, ara iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí náà wà níbẹ̀. Òkè ni Jagun ti ń sọ̀rọ̀, lórí mast, èmi nísàlẹ̀ ni mo wà, níbi tí gbogbo pákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìdì kéékèèké tí wọ́n ń gé dátà sí, ń gbà kọjá.

Ẹ bi ara yín léèrè ohun tó fà á tí WhatsApp call tiẹ̀ fi ń yè tẹ́ ẹ bá kúrò ní Yábàá bọ́ sí Agége, tí ẹ ti kọjá mast mẹ́wàá. Àdírẹ́sì IP fóònù yín ò yí padà rárá ni. Ẹ rántí lẹ́tà ayé àtijọ́. Ọmọ wà ní yunifásítì n'Ífẹ̀, àmọ́ àdírẹ́sì ilé bàbá ẹ̀ n'Íbàdàn ni gbogbo ayé mọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí. Ẹni tó wà nílé á ti lẹ́tà yẹn bọ inú àpòòwé míì, á kọ àdírẹ́sì Ifẹ̀ sí i lẹ́yìn, á fi ránṣẹ́. Tí ọmọ bá kó lọ sí Àkúrẹ́ fún àgùnbánirọ̀, àpòòwé òde nìkan ló yí padà, ẹni tó kọ lẹ́tà ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹni tó wà nílé yẹn là ń pè ní PGW ní 4G, ní 5G UPF ló ń jẹ́. Àpòòwé òde ni GTP.

Nígbà tí mast bá ta yín, mast tuntun á ránṣẹ́ sísàlẹ̀ pé "ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà báyìí, ẹ yí àpòòwé". Kí wọ́n tó yí i, mast àtijọ́ ń kó èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹ̀ fún mast tuntun. Nígbà tí ọ̀nà bá ti yí tán, àwọn ìsàlẹ̀ á ju pákẹ́ẹ̀tì kékeré kan sẹ́yìn èyí tó gbẹ̀yìn, end marker, tó túmọ̀ sí "ó tán, ẹ má retí mọ́", kí pákẹ́ẹ̀tì tuntun má baà kọjá èyí tó ti wà nílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ǹdì tó bá lọ bó ṣe yẹ. Mo fẹ́ràn end marker yẹn gan-an, mi ò mọ ìdí, ó kàn dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn èrò.

Koyewa
Tí fóònù bá kàn wà nínú àpò mi ńkọ́, mi ò pe ẹnikẹ́ni, mi ò tan nǹkan kan. Ta ló mọ ibi tí mo wà?

Core_Akanni
Kò sẹ́ni tó mọ̀ dájú. Nígbà yẹn fóònù fúnra ẹ̀ ló ń yan mast tó wù ú, kì í sì í sọ fún wa. Ohun tá a mọ̀ ò ju àdúgbò lọ, tracking area, tó lè ní mast tó pọ̀ nínú. Tí ìpè bá wá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ṣe bí akéde ọba, á lu agogo yí gbogbo àdúgbò ká, "lágbájá dà o?", fóònù yín á dáhùn láti orí mast kan. Tẹ́ ẹ bá kọjá ààlà àdúgbò, fóònù á sọ fún wa. Tẹ́ ẹ ò bá kúrò lójú kan náà, á ṣì máa jẹ́ ká mọ̀ pé òun wà láàyè lóòrèkóòrè, ìṣẹ́jú 54 ló wà nínú ìlànà 4G tẹ́nì kan ò bá yí i padà. Tí àdúgbò bá tóbi jù, ariwo agogo á pọ̀. Tó bá kéré jù, fóònù ẹni tó ń rìnrìn àjò á máa jí ní gbogbo ìgbà, bátìrì á lọ. Ìdí kan tí bátìrì OmoMoniya fi ń tètè tán nínú ọkọ̀ nìyẹn, mo mọ̀ pé ó ń tán.

OmoMoniya
Háà. Powerbank ni mo ń gbé kiri o.

Seme2Badagry
Ẹ gbà mí lórí èyí. Iṣẹ́ clearing ni mò ń ṣe ní bódà Sẹ̀mẹ̀. Èmi ò kúrò ní ilẹ̀ Nàìjíríà o, inú ọ́fíìsì mi ni mo wà, fóònù mi á kàn ní káàbọ̀ sí Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n ti fi bẹ́ẹ̀ jẹ kírẹ́díìtì mi rí, gbogbo ẹ̀ lọ.

Jagunlabi_RF
Ìgbì ò ní páàsípọ́ọ̀tù. Mast kọ̀ọ̀kan ń pariwo nọ́ńbà orílẹ̀-èdè ẹ̀: ti Nàìjíríà ń pariwo 621, ti Bẹ̀nẹ̀ ń pariwo 616, tí ti ilé bá rẹlẹ̀ nínú ọ́fíìsì yẹn fóònù á wá ẹni tó gbà á. Ibi tó ti ń dunni jù ni pé tó bá ti lọ báyìí kì í tètè padà. Á máa wá ti ilé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, tí wọn ò bá kọ nǹkan míì sórí SIM, wákàtí kan ni. Fún wákàtí kan gbáko ẹ wà lábẹ́ Kọ̀tọ̀nù. Ẹ pa data roaming, kẹ́ ẹ sì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ yọ ọ́ kúrò ní automatic, ẹ fọwọ́ yan ti ilé. Tẹ́ ẹ bá wọ Èkó ẹ dá a padà.

SE15Omoluabi
Mo ń ka èyí láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo gbé SIM Nàìjíríà mi wá torí OTP báńkì, mo wá tan dátà lórí ẹ̀ lọ́jọ́ kan tí wáìfáì ilé kú. Gbogbo wẹ́ẹ̀bùsáìtì ń sọ pé Èkó ni mo wà! Ó sì ń fà bí ìgbín.

Core_Akanni
Èkó lẹ wà lóòótọ́, àpòòwé yẹn náà ni. Mast Lọ́ńdọ̀nù gbé yín, àmọ́ ilé bàbá yín ṣì wà ní Nàìjíríà, ibẹ̀ ni dátà yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé. Ẹ ṣí wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí ẹ̀rọ ẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù: ìbéèrè yín á lọ sí Èkó, á padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ìdáhùn á lọ sí Èkó, á tún padà wá bá yín ní Peckham. Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó tó 5,000 kìlómítà, ẹ̀ẹ̀mẹrin, 20,000. Ìmọ́lẹ̀ nínú fiber ń sá bíi 200,000 kìlómítà ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ìyẹn ti jẹ 100 milisẹ́kọ́ǹdì kí ẹ̀rọ kankan tó ronú rárá, bẹ́ẹ̀ wáyà abẹ́ òkun ò sì tọ́ bí ọ̀pá. Ọ̀nà wà tí wọ́n fi lè jẹ́ kó jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, àmọ́ ilé fẹ́ máa rí ohun tẹ́ ẹ lò kó lè kọ owó ẹ̀. Àǹfààní kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé áàpù báńkì yín á rò pé ẹ ò kúrò nílé.

Koyewa
5G ńkọ́? Tèmi máa ń tàn á tún kú, á tàn á kú, tí mo bá wà nínú mọ́tò.

Jagunlabi_RF
5G tó pọ̀ jù níta, ẹ̀yìn 4G ló so mọ́. Mast 4G ló ń darí, 5G ń bá a ru ẹrù ni. Tí 4G bá ta yín fún mast tí kò ní 5G, ẹrù já nìyẹn. Ìgbì 3.5 GHz tí wọ́n fi ń ṣe é ò sì rìn jìnnà. Tó o bá ń rìnrìn àjò, tì í sórí 4G, orí ẹ á balẹ̀.

OmoMoniya
Ẹ̀yin ará, mo ti dé. Mo ṣe é lónìí. Àbúrò mi wà nílé, a jọ ń ka òǹkà lórí WhatsApp call, àwọn tó jókòó tì mí rò pé orí mi ti yí. Lẹ́yìn Papalanto ó kọ́kọ́ já. Èmi ṣì ń gbọ́ ọ títí dé 214. Òun, 197 ló ti gbọ́ mi kẹ́yìn!! Gbogbo ìgbà yẹn báà mẹ́ta.

Mo ń wo NetMonster náà. PCI kan náà ló wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 6, 217, ohùn ẹ̀ wà ní -102 dBm. Nísàlẹ̀ ẹ̀, PCI míì wà, 88, ó wà ní -97. Mo ń wò ó, mo ń sọ fún un pé "lọ sọ́dọ̀ ẹ̀", kò lọ. Ó já, ó ní "no service" bíi sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta, nígbà tó padà, orí 88 ló wà, gbogbo nǹkan sì dáa.

Jagunlabi_RF
Káre! Àwọn kan ń gba owó oṣù láì mú irú èyí wálé. 88 fi 5 dB ju 217 lọ, fún ìṣẹ́jú mélòó kan, wọn ò tà ẹ́: 217 ò mọ 88. Ìgbà tí kọ́ọ̀lù kú ni fóònù ẹ tó rí àyè yan fúnra ẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ló sì yan ẹni tó yẹ. Àbúrò ẹ tí kò gbọ́ ẹ mọ́ ṣáájú, wátì 0.2 ẹ ló wọmi yẹn.

Pe ilé iṣẹ́ tó ni SIM ẹ. Má sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, wọ́n á ní kó o pa fóònù kó o tún tàn án. Sọ pé láti PCI 217 sí 88 kò sí handover, sọ agogo, sọ ibi tí ọkọ̀ dé. Ẹni tó gbé fóònù ò ní mọ̀ ọ́n, ní kó kọ ọ́ bó o ṣe pè é gan-an. Ẹni tó máa yé wà lẹ́yìn.

OmoMoniya
Mo ti pè wọ́n. Ọmọbìnrin náà ṣe jẹ́jẹ́. Ó ní "sà, PCI yẹn, ṣé orúkọ bọ́sì-stọ́ọ̀pù ni?" Mo bá a pe lẹ́tà ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́. Wọ́n ti fún mi ní nọ́ńbà ticket.

Alakoba
Owó ọ̀gá ẹ ńkọ́? Ta ló ní kó o san án fún?

OmoMoniya
Kápẹ́ńtà. Ó ti bínú kó irinṣẹ́ ẹ̀ lọ.